Màá Pa Ẹ́: Láti Ìtamàga Dé Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Yẹgi

"Màá pa ẹ́ lónìí!"

Ohun tí etí mi kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà nìyẹn, ní oríta Ìtamàga, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ti yà lára ọ̀nà Ìtóìkín. Kọ̀ńdọ́ kórópe kan ló ń sọ ọ́ sí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi táyà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kò sá. Ó ní, "Pa mí ná, kí n rí i." Ìyá tó ń bu ẹ̀wà àgọ̀nyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìkòkò. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, kọ̀ńdọ́ ti rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ké "Gáréèjì! Gáréèjì!" Ẹni tó fẹ́ pa ti gbé èrò mẹ́ta, ó ti forí lé Ìjẹ̀dẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín sínú nítorí ibi tí mò ń lọ. Èkó ni mo dé fìlà fún, ọgbà Freedom Park ní Broad Street, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé ìjọba amúnisìn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún apànìyàn. Mo wá ń rò ó pé ká ní ayé ajẹ́lẹ̀ la ṣì wà, tí wọ́n sì bá òkú oníkẹ̀kẹ́ yẹn lójú gọ́tà lọ́jọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́wà yìí ni ọlọ́pàá ì bá kọ́kọ́ mú lọ jẹ́rìí. Òtítọ́ ni ì bá sọ: ó ní òun máa pa á. Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù ì bá gbé e sí èdè Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe gbọ́ ọ. Adájọ́ òyìnbó ì bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo oríta gbọ́ tí wọn ò yíjú ì bá sì di ẹ̀rí pé ọkùnrin náà ti gbèrò ikú láti àná.

Àwa Yorùbá, a fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ebi ń pa wá, òǹgbẹ ń pa wá, òjò pa wá, ẹ̀rín pa wá. Ìyá á ní òun máa pa ọmọ tó fi aṣọ iléèwé yí ilẹ̀, ọwọ́ kan náà ló sì máa fi bu oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá wá dójú ikú gan-an, èdè wa mọ ìyàtọ̀. "Ó ṣèèṣì pa á" kì í ṣe "ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á", "ó lù ú, ó bá kú" kì í sì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ògbufọ̀ bá já ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú "pa" sílẹ̀ nígbà tó ń túmọ̀, ẹ̀mí ẹnìkan ló já sílẹ̀ yẹn.

Mo sọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ọ̀nà Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó gba Odògùnyàn kọjá. Mi ò tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo dúró wò ó díẹ̀, nítorí nígbà kan, ẹni tó bá pànìyàn ní ìkángun kan ọ̀nà yìí àti ẹni tó bá ṣe é ní ìkángun kejì kì í rí ẹjọ́ kan náà. Ìkòròdú ti bọ́ sábẹ́ Kólónì Èkó láti 1894. Ṣàgámù wà lábẹ́ Ìjẹ̀bú, ní apá tí òyìnbó ń pè ní ilẹ̀ ìdáàbòbò. Nígbà tí Gómìnà Lugard so Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, ó dá kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń pè ní Provincial Court sílẹ̀ fún ilẹ̀ ìdáàbòbò. Nínú kọ́ọ̀tù yẹn, adájọ́ lè jẹ́ ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, òyìnbó kan náà tó ń bójú tó owó orí àti ọ̀nà lílà, tí kò sì kọ́ṣẹ́ òfin rí. Lọ́yà kankan kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, kódà bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ikú. Lugard gbà pé ńṣe ni àwọn lọ́yà ń kó ará ìlú sí ìjà ẹjọ́.

Ní Èkó ńkọ́? Lọ́yà dúdú ti wà níbẹ̀ láti ayé Christopher Sapara Williams, tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà ní London ní 1879. Júrì wà pẹ̀lú, àwọn ará ìlú tí wọ́n ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Nítorí náà, bí ẹ̀mí bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ibi tó dúró sí nígbà tó bọ́ lè sọ bóyá yóò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ tàbí bóyá yóò dá dúró pẹ̀lú ògbufọ̀. Ọdún 19 ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. 1933 ni wọ́n tó pa kọ́ọ̀tù ajẹ́lẹ̀ yẹn rẹ́, tí lọ́yà sì ráyè wọ ilẹ̀ ìdáàbòbò.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí èbúté Ìpàkodò. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, a sì wọ bóòtù. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ itan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

"Ọmọ mi, níbo lò ń lọ?"

"Freedom Park ni, Bàbá."

"Ẹ ń ṣe àríyá níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi láyé òyìnbó ni mo fẹ́ lọ wò."

Ó dákẹ́ títí bóòtù fi yí imú sí ojú ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé o rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé ká má pànìyàn ni? Ẹ̀jẹ̀ tó bá kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé Òṣùgbó nìyẹn. Kì í ṣe ẹjọ́ tí olórí ẹbí kan máa jókòó parí."

Òótọ́ ni. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìlédì Òṣùgbó ni ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ ń lọ, àwọn àgbà tó ń bọ ilẹ̀ ló ń dá a. Ilẹ̀ tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sí gbọ́dọ̀ gba ètùtù, nítorí ẹni tó pànìyàn ti ṣẹ ilẹ̀ kó tó ṣẹ ẹbí òkú. L'Ọ́yọ̀ọ́, Tẹ̀tú ni wọ́n ń pe àwọn tó ń bẹ́rí fún Aláàfin. Mi ò ní fi oyin sí i lára o: ikú wà nínú òfin tiwa náà. Aláìṣẹ̀ sì ń bá a lọ, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń fún èèyàn ní ọbọ̀ mu kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àjẹ́ ni. Ẹni tó bá pọ̀ ọ́ dànù, ó bọ́. Ẹni tí kò bá pọ̀ ọ́, wọ́n ní ó jẹ̀bi, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́. Nígbà tí òyìnbó kọ òfin tirẹ̀, ó fi abala kan sílẹ̀ fún èyí: ẹni tó bá darí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí wọ́n dán wò sì kú, ikú ni ìyà tiẹ̀ náà. Abala 208. Níbẹ̀, mi ò bá òyìnbó jà.

Ṣùgbọ́n ojú omi tí bóòtù wa ń gé kọjá yìí kò jẹ́ kí n yìn ín jù. Ní May 1892, ọ̀sà yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gómìnà Carter gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọ̀n. Ìbọn Maxim ni wọ́n gbé lọ. Àwọn tó kú létí odò Yemọji kò ní ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù kankan, nítorí ìpànìyàn tí ìjọba bá fọwọ́ sí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé òfin tó dé lẹ́yìn náà sọ ọ́ kedere: kò bófin mu láti pa ẹnikẹ́ni, àfi bí òfin bá fàyè gbà á tàbí tó bá dá a láre. Àfi yẹn ni Ìmágbọ̀n bọ́ sí.

A sọ̀ ní CMS. Bàbá náà gbá mi léjìká, ó ní kí n kí àwọn tó wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Mo kọ́kọ́ rìn lọ sí gbàgede Tinúbú. Ìsun omi tó wà níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì ló fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ nígbà òmìnira 1960. Kó tó di ìgbà náà, ilé kọ́ọ̀tù gíga ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn ọlọ́jà ti tẹ́ ìgbá síbi gbogbo: bẹ́líìtì, ṣájà fóònù, oògùn eku. Lórí ilẹ̀ yìí ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ ẹni tó máa kú, láti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó ní 1861. Òfin 1876 tilẹ̀ sọ ọ́ dọ́jọ́: òfin gbogbogbòò tó bá ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 24 July 1874, òun náà ni ti Èkó. Orúkọ tí ẹjọ́ ń jẹ́ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Rex àti Lágbájá. Rex ni Ọba. Bí Lágbájá bá pa Tàmẹ̀dò ní Ìkòròdú, ọba tó wà ní London ni wọ́n ṣẹ̀. Ìyàwó Tàmẹ̀dò kò ju ẹlẹ́rìí lọ. Ó dé, ó sọ ohun tó rí, ó bọ́ sílẹ̀ nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó di ilé. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ.

Ní 1916, òfin náà pààrọ̀ aṣọ, ìrìn àjò rẹ̀ sì lè rẹ aláṣejù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Griffith ló kọ ìwé òfin ọ̀daràn fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 1899. Ìjọba Àríwá Nàìjíríà mú un ṣe àwòkọ ní 1904. Lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá mọ́ Gúúsù, wọ́n tẹ́ ẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1916. Báyìí ni ìwé tí wọ́n kọ nítorí àwọn olówó màlúù àti awakùsà ní Ọsirélíà ṣe dé oko ẹ̀gẹ́ ní Ìkòròdú. Abala 316 sọ irú ìpànìyàn tí wọ́n ń pè ní mọ́dà. Abala 317 ní ìyókù tí kò bófin mu jẹ́ mánsílọ́tà. Mánsílọ́tà lè mú èèyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére, adájọ́ sì lè dín in kù. Fún mọ́dà, abala 319 kò fún adájọ́ ní yíyàn kankan. Ikú ni. Bí àánú bá ṣe é, kí ó kọ̀wé sí gómìnà.

Ohun kan wà nínú ìwé àtijọ́ yẹn tí mo máa ń tún kà. Bí o bá ṣá èèyàn lọ́gbẹ́, tí kò sì kú láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan, òfin ní ìwọ kọ́ lo pa á. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹbí tó ti ń tọ́jú ọgbẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n á ní ọjọ́ tí wọ́n ṣá a ló ti kú.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ní 1922, Queensland pa ìyà ikú rẹ́ pátápátá, òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí òfin rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ìyá òfin ti sọ okùn nù, ọmọ tó bí sí Nàìjíríà ń wé e mọ́wọ́ títí dòní. Òfin ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ṣe ní 2011 tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń rán an lọ báyìí, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ikú ni èsì mọ́dà síbẹ̀.

Láti Tinúbú, Broad Street ló gbé mi dé ẹnu ọgbà. Ògiri bíríkì pupa ṣì ga díẹ̀ níwájú. Mo fọwọ́ kàn án; ó tutù bí ìkòkò àmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti mú. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó kórìíra ìjọba òyìnbó ń ju iná sí i, ó sì ń jó. Ìyẹn ni ìjọba fi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885, wọ́n sì tún un kọ́. £16,000 ni wọ́n ná sí ẹ̀wọ̀n lọ́dún yẹn. Owó tí wọ́n ná sí ẹ̀kọ́ ìwé: £700. Bí ìjọba bá ń sọ fún yín pé ọ̀làjú lòun gbé wá, ẹ ní kó gbé ìwé ìnáwó wá pẹ̀lú.

Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà ní ìparí àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ sì wà láìsí olùtọ́jú títí ayàwòrán-ilé Theo Lawson fi tún un ṣe ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n ṣí ní October 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ó dára pé kò bo ohun tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àpẹẹrẹ yàrá ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, tóóró. Mo wọ ọ̀kan, mo na ọwọ́ méjèèjì, ìgúnpá mi kò ráyè nà tán. Níbòmíràn nínú ọgbà yìí ni Herbert Macaulay ti ṣẹ̀wọ̀n, àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Michael Imoudu. Àwọn ìyẹn ni afinimọ̀nà máa ń sáré dárúkọ. Àwọn tí wọ́n yẹgi fún kò ní òkìkí. Èmi nìkan ló dà bí ẹni pé ó ń bèèrè wọn.

Nínú yàrá tóóró yẹn ni mo ti rántí ẹjọ́ Adékànmí, ọdún 1944. Ọkọ kan pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ tó gún un dé egungun ti jáde lẹ́nu ìyàwó. Abala 318 sọ pé bí wọ́n bá mú èèyàn bínú lójijì, bínú kọjá ìfaradà, tó sì pànìyàn kí inú rẹ̀ tó rọ̀, mánsílọ́tà ni, kì í ṣe mọ́dà. Ìbéèrè tó wá kù ni pé inú ta la fi ń wọn ìbínú? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní inú ọlọ́gbọ́n ènìyàn kan báyìí. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ Adékànmí sọ pé òṣùwọ̀n ọ̀làjú kọ́ ni a ó fi wọn ará oko tí kò mọ̀wé. Ohun tí kò ní mú ọ̀làjú bínú lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ fò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń ka ẹjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn okùn, mi ò sì ní bá ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú bínú. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi èébú ra ẹ̀mí. O fẹ́ yè? Gbà pé ẹranko lo fi díẹ̀ sàn jù. Ìyàwó tó kú ńkọ́? Ó di àpẹẹrẹ nínú ìwé.

Ẹni tó gbà pé àjẹ́ ló ń ṣe ilé òun, tó wá pa obìnrin kan nítorí rẹ̀, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Nínú ẹjọ́ Gadam ní 1954, kọ́ọ̀tù ẹ̀bẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní bó ti wù kí ìgbàgbọ́ yẹn wọ́pọ̀ tó, kò lè bọ́gbọ́n mu lójú òfin. Ìbínú ará oko dín ẹ̀bi kù, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò dín in kù. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa la èyí yé mi.

Mo jáde kúrò ní yàrá, mo tọ ọ̀nà tóóró dé ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni pèpéle ńlá wà, tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń ṣeré. Ibẹ̀ gan-an ni igi ìyẹgi wà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ máa ń sọ kí wọ́n tó gbé èèyàn wá síbẹ̀ kò gùn: wọn yóò fi ọrùn so ọ́ rọ̀ títí ìwọ yóò fi kú, kí Olúwa ṣàánú ọkàn rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kù sọ́wọ́ gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àánú náà kì í sì í tẹ ilẹ̀ bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní 1953, Esther Johnson gún olólùfẹ́ rẹ̀ pa, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Mark Hall. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e kiri, wọ́n dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n wọn ò yẹgi fún un, ó sì padà gba òmìnira. Obìnrin yẹn ní orúkọ, ó ní ìtàn. Àwọn tí kò ní ìtàn tó dùn ún kà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gun àkàsọ̀ ibí.

Òyìnbó ń pa wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, láàárín ògiri bíríkì, láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí ó kan ológun tiwa, gbangba ni wọ́n yàn. Ní 1971, èrò kún Bar Beach láti wo bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa adigunjalè. Ìṣọ̀lá Oyènúsì wà lára wọn, ní 8 September. Àwọn tó gbé ọmọ lọ wò ó ṣì wà láyé. Lónìí, ju 3,000 ènìyàn lọ ló ń retí ikú nínú àwọn ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn kan nínú wọn ní Kírìkírì. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò fẹ́ fọwọ́ sí i, wọn kò sì fẹ́ yí i padà. Àwọn ènìyàn náà ń darúgbó níbẹ̀.

Mo jókòó sórí àga ike kan níwájú pèpéle, mo ra omi tútù. Lókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ṣe àwàdà lálẹ́ ń dán máíkì wò. Àwọn tó ń to àga dúró gbọ́ ọ. Ó ń fi ara rẹ̀ ṣe kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì tó ń bá èrò jà lórí ṣéńjì, ó yí ohùn padà, ó di ìyá oníbínú, ó tún di ọlọ́pàá. Obìnrin kan tó ń nu tábìlì ju tàwẹ́lì sílẹ̀, ó di ikùn mú.

"Bọ̀ọ̀dá yìí, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ti fi ẹ̀rín pa mí!"

Ó na ìka sí i láti orí pèpéle. "Ẹ dúró ná, mọ̀mí. Mi ò tíì pa yín tán."

Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí ibi tí ó dúró sí. Nígbà tí mo wo aago, ó ti tó kí n máa sáré lọ sí CMS, kí bóòtù Ìpàkodò má baà fi mí sílẹ̀.